Ṣé Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Fọwọ́ Kan Ehín Ọmọ Mi?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lórí bẹ́ńṣì àwọn tí ń dúró de dókítà ehín. Nọ́ọ̀sì yóò jáde, yóò pe orúkọ ọmọ, yóò sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò ó, ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ yóò wà nítòsí. Ojú ìyá yóò yí padà. "Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Kì í ṣe ẹnu ọmọ tèmi ni wọn yóò fi kọ́ṣẹ́. Orí ẹlòmíràn ni kí wọ́n ti lọ kọ́ fífá." Àwọn tí ó jókòó tì í yóò sì mi orí pé òótọ́ ni ó wí.

Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyá lẹ́bi pé ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè, tí mo sì fi ojú ara mi wo bí wọ́n ti ń ṣe é, mo rí i pé ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí n ti máa bi. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń kọ́ṣẹ́? Ta ni ó dúró tì í? Irú aláìsàn wo ni ojú rẹ̀ sì ti rí kí wọ́n tó fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa lọ dá ṣiṣẹ́?

ÈRE ORÍ NI WỌ́N FI Ń BẸ̀RẸ̀

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 6 ni ọmọ tí ó bá wọ yunifásítì láti ìpìlẹ̀ fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ehín. Yunifásítì Èkó ni ó kọ́kọ́ dá irú iléèwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní Ìdí-Àràbà, ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Benin àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà gbogbo ara ni wọ́n jọ ń jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa egungun, ẹ̀jẹ̀, iṣan àti oògùn, nítorí pé ehín kò dá wà lẹ́nu. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, aboyún, ìtọ́jú ehín oníkálukú ní ìṣọ́ra tirẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi irin kan ẹnu alààyè, yóò ti fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe é lára ère orí. Ère yìí ní ẹnu tí ń là tí ń pa dé, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ́bà, ó sì ní ehín oníke, tàbí ehín gidi tí wọ́n ti yọ lẹ́nu ènìyàn rí tí wọ́n sì ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń di ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ehín mú, bí a ti ń wo inú dígí kékeré tí iwájú ti di ẹ̀yìn, àti bí a ti ń dí ihò ehín kí ó má baà ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá ba ehín oníke jẹ́, wọn yóò fún un ní òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni aláìsàn dé, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ dá ohunkóhun ṣe. Yóò bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, yóò wo ẹnu rẹ̀, yóò kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, yóò sì pe olùkọ́. Olùkọ́ yóò tún ẹnu náà wò. Bí ó bá jẹ́ pé ihò ni wọn yóò dí, olùkọ́ yóò padà wá nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ibi tí ó jẹrà kúrò tán, yóò sì tún wá nígbà tí wọ́n bá dí i tán, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Èyí ni ó ń mú kí ó pẹ́. Iṣẹ́ tí àgbà dókítà yóò ṣe ní ìdajì wákàtí lè gba akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí méjì. Ìyá tí ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà yóò bínú, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ojú mẹ́rin ni ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

ALÁÌSÀN KÌ Í WÁ NÍ ÌPÍN ÌPÍN

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀ràn yìí ni pé ilé ìwòsàn ńlá, pẹ̀lú gbogbo ohun èlò rẹ̀, kò lè dá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tán. Ẹ̀ka ẹ̀ka ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ibì kan wà fún ehín yíyọ, ibì kan fún ihò dídí, ibì kan fún erìgì, ibì kan fún ehín àtọwọ́dá, ibì kan fún àwọn ọmọdé. Kí aláìsàn tó dé iwájú akẹ́kọ̀ọ́, ẹnìkan ti yà á sọ́tọ̀: ti yíyọ nìyí, ti dídí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ẹ̀ka yíyọ mọ̀ pé yíyọ ni òun wá ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò ní fi pa mọ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ iye iṣẹ́ tí ó gbọdọ̀ ṣe sí: ehín tí yóò yọ, ihò tí yóò dí, ehín àtọwọ́dá tí yóò ṣe, kí ó tó jókòó ìdánwò. Ètò náà ní ìdí, nítorí ẹni tí kò tíì dí ihò rí kò yẹ kí ó gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí iye kò sì tíì pé, ó rọrùn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo ehín tí ó kù nínú ìwé rẹ̀, kí ó gbàgbé ẹni tí ó ni ehín náà. Àwọn olùkọ́ fúnra wọn mọ àléébù yìí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú aláìsàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun yòówù tí ó bá ń ṣe é.

Ní ilé ìtọ́jú ehín ti àdúgbò, kò sí ẹni tí ó ń ya aláìsàn sọ́tọ̀. Ẹni tí ó wọlé, ó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé ni. Alhaji àgbàlagbà kan dé tí kò lè jẹ ẹran mọ́. Aboyún kan dé tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá fi omi yọ ẹnu ní àlùwàlá, tí ó sì ti pa orín tì nítorí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọdọ̀ mọ̀ pé oyún a máa mú kí erìgì wú kí ó sì tètè ṣẹ̀jẹ̀, pé pípa fífọ ẹnu tì ni yóò tún dá kún un, àti pé kò sí èèwọ̀ nínú kí aboyún rí dókítà ehín. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó tilẹ̀ máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Ọkùnrin mìíràn lè dé tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè la ẹnu dáadáa, tí itọ́ sì ṣòro fún un láti gbé mì. Níbi yìí, ọgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú irin tí yóò mú. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ó mọ̀ pé ọ̀ràn yìí ti kọjá yàrá náà. Oyún ehín tí ó bá ti tàn sí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn lè dí ọ̀nà tí ènìyàn fi ń mí, ó sì ń pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ ní wàràwàrà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ lára ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ má ṣe dúró lo àgúnmu, ẹ má sì dúró di ọ̀la.)

EHÍN KẸFÀ

Láìpẹ́ yìí mo tẹ̀ lé aládùúgbò mi kan àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 7, lọ sí ilé ìtọ́jú ehín kan tí kò tóbi, yàrá méjì péré, níbi tí wọ́n ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́ṣẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ náà kò fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jẹun mọ́. Bí ó bá mu omi tútù, yóò dì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti pinnu láti ilé.

"Ẹ bá mi yọ ọ́ dànù," ni ó wí. "Ehín ọmọdé náà ni. Òmíràn yóò hù."

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó tì wọ́n jẹ́ ọmọbìnrin tí ó wé ìbòrí rẹ̀ dáadáa, tí ó sì fi aṣọ iṣẹ́ lé e. Kò bá ìyá jiyàn. Ó fi dígí lé e lọ́wọ́. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á láti àárín iwájú lọ sí ẹ̀yìn." Ìyá kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà. "Márùn-ún ni ehín ọmọdé ní apá kọ̀ọ̀kan, Mà, lókè àti nísàlẹ̀. Ìkẹfà tí ó ní ihò yìí, ehín àgbà ni. Bí a bá yọ ọ́, kò ní sí òmíràn tí yóò hù."

Ẹnu ya ìyá, ẹnu sì ya èmi náà tí mo ti tọ́ ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ehín ọmọdé jẹ́ 20, ti àgbàlagbà sì jẹ́ 32. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, ehín àgbà ńlá kan a máa hù lẹ́yìn gbogbo ehín ọmọdé, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu. Kò sí ehín tí ó bọ́ kí ó tó hù, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kíyè sí i. Ojú rẹ̀ ní kòtò kòtò tí oúnjẹ ń há sí, ọwọ́ ọmọ kò sì tíì mọ bí a ti ń fọ ẹnu dé ẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti jẹ́ kí ó bàjẹ́, tàbí tí ó ti ní kí wọ́n yọ ọ́, tí ó rò pé ehín ọmọdé ni. Ehín yìí ni ènìyàn ì bá fi jẹun di ọjọ́ ogbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ti borí níbi ẹ̀kọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ìyá dáhùn ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé. "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n owó tí mo mú wá, ti yíyọ ni. Owó dídí kò sí lọ́wọ́ mi."

Mo rí i tí ojú ọmọbìnrin náà rẹ̀ wálẹ̀. Ère orí kì í sọ pé owó kò sí. Ó dìde lọ pe olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ sì wá, ó wo ehín náà, ó yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú wa: "Kí ni o lè ṣe fún un lónìí, pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀nà kan tí wọn kì í lo ẹ̀rọ níbẹ̀ rárá. Irin ọwọ́ ni wọn yóò fi ha ibi tí ó jẹrà kúrò, wọn yóò sì fi ohun ìdíhò kan dí i, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ehín fúnra rẹ̀, tí ó sì máa ń tú fluoride sí i lára díẹ̀díẹ̀. Kò wọ́n tó èkejì, kò sì ń béèrè iná mànàmáná. Mo bi olùkọ́ léèrè ibi tí ọ̀nà yìí ti wá, ó ní Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nítorí àwọn ìletò tí kò ní iná. Inú mi dùn pé ohun tí a rí ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ó dé ẹnu ọmọ aládùúgbò mi.

Ó ku ọmọ fúnra rẹ̀, tí ó ti ń sunkún. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, olùkọ́ fọwọ́ kàn án léjìká pé kí ó jókòó kí ojú rẹ̀ bá ti ọmọ dọ́gba. Ó fi irin náà han ọmọ, ó fi ha èékánná ọmọ jẹ́jẹ́ kí ó mọ bí ó ti rí, ó wá wí pé: "Bí ó bá dùn ẹ́, na ọwọ́ òsì rẹ sókè, èmi yóò dúró." Ọmọ na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo gbà pé ìgbà kejì yẹn, dídán ni ọmọ náà ń dán an wò. Lẹ́yìn èyí, ó lanu títí iṣẹ́ fi parí.

LÁTI ÌDÍKÀN DÉ ÌLÚ ÒYÌNBÓ

Kì í ṣe ohun tuntun pé kí a mú ẹ̀kọ́ ìṣègùn jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tí ó ti ń mú àwọn ènìyàn. Ní ti ehín, ilé ìtọ́jú kan wà ní Ìdíkàn, àdúgbò àtijọ́ nínú ìlú Ìbàdàn, tí àwọn dókítà ehín ti yunifásítì àti ti UCH ń bójú tó. Ìyá tí kò ní wọ ọkọ̀ lọ sí UCH lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jókòó ní irú ibẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní kòkòrò ehín, yóò mọ ẹni tí ó ti kọ́kọ́ lọ ra egbòogi, yóò sì kọ́ láti má fi ojú tín-ín-rín orín ata tí bàbá àgbà ń run, nítorí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń bá kòkòrò inú ẹnu jà. Yóò fi bí wọn yóò ti run ún dé ẹ̀yìn hàn wọ́n, yóò sì ní kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọhín tí ó ní fluoride kún un.

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní ìlú Òyìnbó yóò ti ṣàkíyèsí pé wọ́n mú ọ̀ràn yìí le níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 5 ní iléèwé, ẹni tí ó jáde ní Britain tí ó sì fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, NHS, yóò tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ehín ti àdúgbò lábẹ́ dókítà kan tí wọ́n yàn láti máa kọ́ ọ. Láti 1993 ni wọ́n ti sọ èyí di dandan. Nígbà tí wọ́n sì dá iléèwé dókítà ehín Peninsula sílẹ̀, àwọn ilé ìtọ́jú inú ìlú bíi Plymouth, Exeter àti Truro ni wọ́n ṣètò pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa tọ́jú aláìsàn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá jáde yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí ìgbìmọ̀ ìjọba tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní kíkún. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo ọdún náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò lọ sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan, ẹlòmíràn sì lè rí ara rẹ̀ ní ìlú tí òun nìkan ti jẹ́ dókítà ehín. Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n ń lò ní irú ibi bí Ìdíkàn kò tíì tó. Àwọn dókítà ehín tí a ní kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, àwa sì ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tí yóò bá yín ní ìlú kékeré gbọ́dọ̀ ti mọ bí a ti ń dá ìpinnu ṣe.

Ọ̀RỌ̀ ÀÀWẸ̀ ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÌBÒRÍ

Nǹkan méjì tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí kọ́ àfi lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni ààwẹ̀. Ní oṣù Ràmàdánì, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fara da ehín dídùn títí ọjọ́ ọdún, nítorí wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ tàbí ehín yíyọ yóò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn sọ pé kò bà á jẹ́, bí ènìyàn kò bá ti gbé omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn mì. Bí ọ̀ràn náà bá ṣe é dúró, kí a sún un sí ẹ̀yìn ìṣínu. Bí ara kò bá sì le, ẹ̀sìn wa ti fún aláìsàn láyè láti ṣínu kí ó sì san án padà. Ẹ bi àlùfáà tí ẹ fọkàn tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ èyí yóò mọ̀ pé kí òun máa fa omi kúrò lẹ́nu aláwẹ̀ dáadáa, kí òun sì fún un ní oògùn tí ó ṣe é lò ní sàárì àti ní ìṣínu.

Èkejì ni ti àwọn obìnrin wa. Ẹ lè béèrè pé kí obìnrin wò yín. Bí kò bá sí, ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì tàbí ọkọ yín dúró nínú yàrá. Ẹni tí ó lo níkàábù lè ní kí wọ́n fa aṣọ yí ibi tí ó jókòó ká. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rere kò sì ní bínú.

Ẹ tún ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà níwájú yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀, láti bi í pé ọdún mélòó ni ó ti dé nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, láti rí olùkọ́ rẹ̀, àti láti sọ pé ẹ kò fẹ́. Bí ẹ bá kọ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ yín fún un. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú ìyá tí ó kọ̀ lọ sí ẹ̀yìn gbogbo èrò, ọ̀sán sì pọ́n kí wọ́n tó dá a lóhùn. Èyí kò dára.

Ní ti aládùúgbò mi, wọ́n ní kí ó mú ọmọ náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí wọ́n lè yẹ ohun tí wọ́n fi dí i wò. Bí a ti ń jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo ni ìwọ yóò di dókítà gan-an?"

"Ó ku ọdún kan, Mà, bí Ọlọ́hun bá fẹ́."

"Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí o parí rẹ̀ sí ayọ̀. Nígbà tí a bá padà wá, ìwọ ni kí o wò ó."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn yóò ti gbé òun lọ sí ibòmíràn nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì ọmọ náà, ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ yóò rí i kà. Ìyá gba káàdì náà, ó wò ó lójú àti lẹ́yìn, ó sì fi í sínú àpò tí ó kó owó sí.